Ẹ̀yìn Tó Pọ̀n Wá

Láàárọ̀ tí òjò bá ṣú, ẹ̀yìn mi ló máa ń kọ́kọ́ jí. Kí n tó la ojú, ó ti sọ fún mi pé ọjọ́ òní ò ní rọrùn. Àwọn ọmọ mi, kí Ọlọ́run bá mi dá wọn sí, á ní, "Mọ́mì, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, a máa bá yín ṣe é." Mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn mi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti sọ ọ́ báyìí, ara mi a bù máṣọ, torí pé mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí nínú agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ní ọdún tí gbogbo wa fi ìfẹ́ dá Ìyá Àgbà dùbúlẹ̀, tó sì kù díẹ̀ kó má lè dìde mọ́.

Ìyá tó bí bàbá mi là ń pè ní Ìyá Àgbà. Ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn ló ń tà ní ọjà Jankárà, tó fi jẹ́ pé yàrá rẹ̀, aṣọ rẹ̀, àní ẹ̀kọ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ bù fún wa pàápàá, máa ń rùn bí ọṣẹ díẹ̀. Òun ló ń jí gbogbo ilé. Ládàánì ò ní tíì pe ìrun àsùbáà tán tí a ó ti máa gbọ́ ìgbálẹ̀ rẹ̀ lágbàlá, ṣáá, ṣáá, ṣáá. Lẹ́yìn náà ni àwọn korobá á bẹ̀rẹ̀ sí í kọlu ara wọn nídìí kànga, asọ̀rọ̀mágbèsì ilé kejì á gbẹ́nu sókè, ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá mi á sì máa dáhùn láti ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé. Télọ̀ ni bàbá mi. Agbádá ló mọ̀ ọ́n rán jù, á sì tẹ̀ sórí ẹ̀rọ náà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù. Ó ti lọ sí Mẹ́kà, nítorí náà Alájì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ìyá rẹ̀ náà ò sì yọ ara rẹ̀ sílẹ̀.

Àṣà kan wà nílé wa tí n kò rí níbòmíràn títí dòní. Bí a bá ti sọ ọmọ tuntun lórúkọ tán, Ìyá Àgbà ló ń kọ́kọ́ pọ̀n ọ́n. Á pọ̀n ọ́n yí gbogbo agboolé ká, á dúró lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, á ní, "Ẹ wá wo àlejò o." Onílé á jáde, á wúre fún ọmọ náà, Ìyá Àgbà á sì kọjá sí ẹnu ọ̀nà tó kàn. Ó ní ọmọ tí wọn ò bá pọ̀n kiri bẹ́ẹ̀, bó bá dàgbà, kò ní mọ yàrá tó lè sá sí nígbà tí ìyá ẹ̀ bá fẹ́ nà án. Bó ṣe pọ̀n àwọn ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, bó ṣe pọ̀n èmi Síkírà náà nìyẹn, mo sì mọ gbogbo yàrá tí mo lè sá sí dáadáa. Ní àkókò tí ẹ̀yìn mú un, ìyá mi ti lóyún, gbogbo wa sì mọ ẹ̀yìn tí ọmọ náà ń bọ̀ wá gùn.

Ọjà ló wà lọ́jọ́ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé apẹ̀rẹ̀ ọṣẹ kan nílẹ̀, ó nàró dé ìdajì, ibẹ̀ ló sì dúró sí. Kò lè lọ sókè, kò lè padà sísàlẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jankárà fi ọmọlanke gbé e wálé, òun nìyẹn láàárín àwọn ìdì kànrìnkàn rẹ̀, tó ń bá ẹni tó ń ti ọmọlanke náà jà: "Rọra o, ìwọ ọmọkùnrin yìí! Ṣé iṣu lo rò pé o rù ni?" Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí i. Ìgbà tí wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ tó ké "Lá ìláhà ílà Lọ́ọ̀" ni ẹ̀rín náà kú sí mi lẹ́nu, torí mi ò gbọ́ igbe lẹ́nu Ìyá Àgbà rí.

Wọ́n fi òrí gbígbóná pa ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n fi aṣọ tí wọ́n tẹ̀ bọ omi gbígbóná jó o. Ìrora náà rọlẹ̀ díẹ̀. Bàbá mi wá dọ̀bálẹ̀ sí ẹsẹ̀ ìbùsùn rẹ̀, ó ní, "Màámi, ó tó gẹ́ẹ́. Iṣẹ́ yín ti tán láyé. Ẹ ti ṣe tiyín fún wa, ó wá kàn wá." Ó ra bẹ́ẹ̀dì onísípíríǹgì fún un, bẹ́ẹ̀dì tó jẹ́ pé bí ẹ bá jókòó sí i, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ẹni tó máa fà yín jáde. Àǹtí Músílí, àbúrò bàbá mi obìnrin tó ń gbé ní yàrá tó kọjú sí tiwa, gba gbogbo àkóso. Obìnrin tó láàánú ni, ṣùgbọ́n àánú rẹ̀ máa ń pariwo. Ìgbálẹ̀, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Omi, a ó pọn ọ́n fún un. Abọ́ tó fi jẹun, kó tó jẹ ẹran tó gbẹ̀yìn tán, Àǹtí Músílí ti na ọwọ́ sí i. Bí Ìyá Àgbà bá fẹ́ ṣàlùwàlá, wọ́n á gbé omi àti bàsíà bá a lórí bẹ́ẹ̀dì. Inú mi dùn púpọ̀ nígbà yẹn, torí Ìyá Àgbà tí ọjà máa ń gbà lọ́wọ́ mi láti àárọ̀ ti di tèmi látòwúrọ̀ dalẹ́.

Ṣùgbọ́n ojú ọmọdé náà ń ríran. Nígbà tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, ìdúró ló fi ń kírun, á di ògiri mú. Nígbà tó ṣe, ó di ìjókòó. Nígbà tó tún ṣe, ìdùbúlẹ̀ ló fi ń kí i, ojú rẹ̀ nìkan ló ń bá ìrun náà rìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó máa ń le bí igi tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi tí mo bá ń fi òrí pa á. Bí a bá sì ṣe ń tọ́jú rẹ̀ tó ni ẹ̀yìn náà ń ro ó sí i. Lálẹ́ kò rí oorun sùn, lójúmọ́ kò rí nǹkan ṣe. Ó dẹ́kun à ń bú ẹnikẹ́ni. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí.

Nígbà tó yá bàbá mi gbé e lọ sí ọsibítù, ó sì ní kí n tẹ̀ lé wọn kí n lè máa di báàgì mú. Takisí náà gba Igbósẹrẹ̀, a sì rí àwọn lọ́yà tó ń lọ sí kóòtù pẹ̀lú aṣọ dúdú wọn. Ìyá Àgbà gbé orí sókè díẹ̀. "Nínú oòrùn yìí?" ó ní. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn. Ní ọsibítù, wọ́n ya fọ́tò egungun rẹ̀, wọ́n sì ní ká lọ rí obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun, tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ kó máa kọ́ àwọn tí ẹ̀yìn tàbí ẹsẹ̀ ń dà láàmú bí wọ́n ṣe máa lo ara wọn. Ó ní kí Ìyá Àgbà ti ọwọ́ òun, kó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, kó gbé ìkejì. Lẹ́yìn náà ló jókòó tì í.

"Màmá, kí lẹ máa ń ṣe látàárọ̀?"

"Mo ń sinmi ni, ọmọ mi."

"Lẹ́yìn ẹ̀ ńkọ́?"

"Mo tún ń sinmi."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín yẹ̀yẹ́. "Ìsinmi yẹn ti tó, Màmá. Ẹ̀yìn yín ò kán, kò sì yẹ̀. Ẹ wò ó, bí òpó àtíbàbà ni ọ̀pá ẹ̀yìn ṣe rí. Iṣan tó yí i ká ni okùn tó fà á mú. Tí okùn bá dẹ̀, òpó á máa mì, á sì máa ro yín. Ìdùbúlẹ̀ yìí ló ń dẹ okùn náà. Ẹ máa rìn. Ẹ máa ṣiṣẹ́ ilé níwọ̀nba. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé nǹkan nílẹ̀, orúnkún ni kẹ́ ẹ tẹ̀, ẹ má tẹ ìbàdí, kẹ́ ẹ sì gbá nǹkan ọ̀hún mọ́ àyà. Tó bá ń ro yín, ẹ dín in kù. Ẹ má dá a dúró."

Bàbá mi ti ń yí fìlà lórí. "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi nìyí o. Ìyá tó bí mi lọ́mọ. Ṣé kí n wá sọ wọ́n di ọmọọ̀dọ̀ ni?"

"Alájì, no be so. Mi ò ní kẹ́ ẹ rán wọn níṣẹ́. Mo ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n lo ara wọn."

Ìyá Àgbà di ọwọ́ obìnrin náà mú. "Ọmọ mi, ṣé màá lè pọ̀n ọmọ? Ìyàwó Alájì máa bí lẹ́yìn Iléyá."

Obìnrin náà ní, "Tẹ́ ẹ bá dìde báyìí, ó ṣeé ṣe. Tẹ́ ẹ bá dùbúlẹ̀ dìgbà yẹn, Màmá, mi ò lè tàn yín."

Ní gbogbo ọ̀nà tí a gbà padà sílé, bàbá mi ò sọ ju "Kò sóhun tẹ́nu oyìnbó ò ní sọ" lọ, bẹ́ẹ̀ ọmọ Yorùbá bíi tirẹ̀ ni obìnrin náà. Mo bínú sí i lọ́jọ́ yẹn. Nísinsìnyí tí mo ti tọ́ ọmọ, mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ní agboolé tiwa, bí wọ́n bá rí ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ìyá arúgbó tó ní ọmọ tó ti lọ sí Mẹ́kà, ìyá náà kọ́ ni wọ́n máa wò, ọmọ ni. Wọ́n á ní, "Ẹ wo ìyá Alájì. Ọmọ tó bí dà?" Ọkùnrin tó ń fi gbogbo ọjọ́ rán aṣọ ẹ̀yẹ fún àwọn ẹlòmíràn, ẹ sọ fún un pé kó wá fi ojú ara rẹ̀ gbolẹ̀. Kò lè ṣe é. Nítorí náà kò sí ohun tó yí padà nílé, àfi ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Bí bàbá mi bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù, tí Àǹtí Músílí sì lọ ra ẹja, Ìyá Àgbà á pè mí. Á yí sí ẹ̀gbẹ́, á fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde, á gbé ọwọ́ lé èjìká mi, a ó sì máa lọ láti òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan sí ìkejì. Òógùn á bò ó. Á máa ṣe tẹ̀súbáà lábẹ́nu bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀, tó bá dé ibi tó ro ó, á dúró, á bú ìrora náà bí ẹni ń bú ọmọ tó dọ̀tí, á tún tẹ̀ síwájú. "Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà," ó máa ń wí. Á wá rántí ohun tó dárúkọ, á ní, "Asitagafúrúláì," àwa méjèèjì á sì bú sẹ́rìn-ín.

Àǹtí Músílí ká wa mọ́ ọn lọ́jọ́ kan. Ó sọ ẹja ọwọ́ rẹ̀ nù. "Yéè! Màámi! Ṣé ẹ fẹ́ pa ara yín kí wọ́n lè ní àwa la pa yín ni? Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ ẹ̀ ló ń mu."

"Òkété tó dàgbà ni wọ́n ní, Músílí. Wọn ò ní òkété tó ti kú."

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe gbé e padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Láti ọjọ́ náà, Àǹtí Músílí ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ bí ọlọ́dẹ, ó ń ṣa ẹ̀wà.

Oṣù ààwẹ̀ wọlé. Ìrọ̀lẹ́ ni mo fẹ́ràn jù nínú oṣù yẹn, tí gbogbo ilé á pé jọ sí àgbàlá, tí àkàrà á máa hó nínú epo, tí àwa ọmọdé tí a gba ààwẹ̀ ìlàjì ọjọ́ á máa ṣe bí ẹni tí ebi fẹ́ pa kú. Wọ́n gbé Ìyá Àgbà jáde sórí àga kó lè bá wa ṣínu. Ó mu ògì rẹ̀ tán, ó sì rọra bẹ̀rẹ̀ sí í nàró kó lè lọ ṣan ife náà ní ìdí kànga. Kó tó dìde tán, Àǹtí Músílí ti já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Àgbà wo ọwọ́ rẹ̀ tó ṣófo. Kò pariwo.

"Ẹ ti gba ọwọ́ mi," ó ní. "Ẹ ti gba ẹsẹ̀ mi. Ó wá ku kí ẹ gbé aṣọ funfun wá, kí ẹ fi dì mí. Ọmọ ń bọ̀ nílé yìí, ta ló máa pọ̀n ọ́n?"

Kò sẹ́ni tó jẹun mọ́. Àkàrà kan jóná nínú epo, kò sẹ́ni tó yọ ọ́. Bàbá mi fi àkàrà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wọ bàtà, ó jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n a ò gbọ́ ìró ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ yàrá ìyá rẹ̀ pẹ̀lú téèpù tó fi ń wọn aṣọ lọ́rùn. "Màámi, ẹ dìde dúró." Ó ràn án lọ́wọ́. Ó wọ̀n ọ́n láti ìgbúnwọ́ dé ilẹ̀, ó wọ̀n ọ́n láti èjìká dé ilẹ̀. Àǹtí Músílí tó ń wò láti ẹnu ọ̀nà rántí ọ̀rọ̀ aṣọ funfun, ló bá bú sẹ́kún. "Alájì, kí lẹ̀ ń wọ̀n? Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ̀ ń wọ̀n lára ìyá mi?" Bàbá mi ká téèpù rẹ̀, ó sì jáde. Ó kọjá sí òdìkejì títì, sọ́dọ̀ Bàbá Káfíńtà tó ń kan àga.

Ọ̀sán ni ó padà, nígbà tí gbogbo obìnrin ilé wà nídìí kànga. Ohun tó gbé lọ́wọ́, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ìgbálẹ̀ wa ni, ọwọ̀ kan náà tí gbogbo wa máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fi gbálẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi wáyà dè é mọ́ igi gígùn kan tí wọ́n fá dán, kí ẹni tó ń lò ó má baà bẹ̀rẹ̀ mọ́. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà ìyá rẹ̀, nínú eruku, pẹ̀lú jálàbíà funfun, ó fi ọwọ́ méjèèjì na ìgbálẹ̀ náà sí i.

"Màámi, ẹ má bínú sí mi. Ẹ bá mi gbá iwájú yàrá yín."

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà pàtẹ́wọ́. "Hẹ̀n-ẹ́n! Alájì fún ìyá ẹ̀ nígbálẹ̀!"

"Bẹ́ẹ̀ ni," bàbá mi ní, láìdìde. "Ẹ bá mi sọ fún àwọn tí ò sí nílé."

Ìyá Àgbà gba ìgbálẹ̀ náà. Ó wúre fún un, ó fi ọwọ́ kan orí rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ṣáá. Ó dúró, ó fi ara ti igi náà, ó mí. Ṣáá. Ibi tó gbá ò ju ìwọ̀n ẹní kan lọ, ṣùgbọ́n omijé ń bọ́ lójú ìyá mi, Àǹtí Músílí sì ti wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó tilẹ̀kùn.

N ò ní sọ pé ìrora náà lọ, torí kò lọ. Ọjọ́ kan wà tó ro ó débi pé kò lè yí ọrùn, bàbá mi sì sáré gbé ìgbálẹ̀ náà kọ́ sókè àjà. "Gbé e sọ̀ kalẹ̀," Ìyá Àgbà ní láti orí ẹní, torí ó ti ní kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì ọ̀hún fún ẹni tó bá fẹ́ rì. "Mo kàn sinmi lónìí ni, mi ò kọ̀ ọ́ sílẹ̀." Nígbà tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó tún dìde. Ó ń fi korobá kékeré pọn omi, á kúnlẹ̀ gbé e, á gbá a mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó rìn dé mọ́ṣáláṣí àdúgbò, ó sì wá rìn dé Jankárà pẹ̀lú kànrìnkàn nìkan lórí, ó ní kí ọṣẹ máa dúró de òun lọ́jà. Ó tún ń bú èèyàn. Èmi ló kọ́kọ́ bú, torí bí mo ṣe fọ ìkòkò, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Lẹ́yìn Iléyá, ìyá mi bí obìnrin. Ọjọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ, tí àwọn àfáà ti ṣe àdúà tán, gbogbo agboolé ń wo ẹni kan. Ìyá Àgbà jókòó sí etí àpótí. "Músílí, gbé e kọ́ mi lẹ́yìn. Rọra." Àǹtí Músílí gbé ọmọ náà lé e. Ìyá Àgbà so ọ̀já, ó fún un, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ orúnkún, ó sì dìde. Gbogbo wa rí bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà.

"Ṣé ó ń ro yín, Màámi?" Bàbá mi ti na ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni fẹ́ gba ìgò tó ń já bọ́ láti orí pẹpẹ.

"Ó ń ro mí. Ó ti ń ro mí kí ọmọ yìí tó dé, á sì tún máa ro mí lọ́la. Ẹ yà fún wa."

Ó gbé ẹsẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́, ó ní, "Ẹ wá wo àlejò o," onílé sì jáde wá wúre. Ó dé ìkejì. Ibi tó bá ti nira, á dúró, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti ìbàdí, á tún máa lọ, gbogbo ilé sì ń tẹ̀ lé e jẹ́jẹ́, títí tó fi yí agboolé ká dé ẹnu ọ̀nà tiwa tó gbẹ̀yìn. Ewé mọ́ínmọ́ín àti èèpo obì àwọn àlejò kún ilẹ̀ ibẹ̀. Ìyá Àgbà dúró, ó wo ilẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Alájì, ibi tí àlejò máa gbà wọlé lo jẹ́ kó dọ̀tí báyìí?"

Ìgbálẹ̀ gígùn wà ní yàrá rẹ̀ lọ́hùn-ún. Bàbá mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sáré. Ó ká agbádá tuntun tó wọ̀ lé èjìká, ó mú ìgbálẹ̀ kúkúrú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń gbálẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, lójú gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó. Kò gbá a jìnnà tó fi di ìbàdí mú. Gbogbo ọdún tó ti tẹ̀ sórí ẹ̀rọ pé jọ sí i lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Yéè! Ẹ̀yìn mi o!"

Agboolé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra fi ọwọ́ gbá ìdí ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ó ní. "Máa gbá a lọ."